Ẹ Bi Wá: Koríko Nínú Ọgbà Fúláwà Títà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń gbin ixora àti hibiscus tí mo ń tà. Koríko kan wà lórí ebè mi tí ewé rẹ̀ jọ ti ọ̀fíò, ọ̀pá rẹ̀ sì ní igun mẹ́ta. Oṣooṣù la ń fi ọkọ́ ro ó, ṣùgbọ́n kì í pé ọjọ́ 5 tó fi ń hù padà, á sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n ra oògùn apakoríko ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra oògùn. Ẹ fi àdá wa ọ̀kan tìdítìdí, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù. Ẹ ó rí kóró dúdú líle wẹ́wẹ́ tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sín pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Inú kóró yìí ni agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí okùn náà kò bá já, púpọ̀ nínú kóró wọ̀nyí máa ń sùn. Bí ọkọ́ bá ti já a, kálukú á ta èhù tirẹ̀. Ohun tó ń ṣe ebè yín nìyẹn.

Oṣù kan tún ti pẹ́ jù, torí ewé tuntun á ti ṣe kóró mìíràn kí oṣù tó pé. Ẹ máa fá a lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ 7 sí 10, kí ewé rẹ̀ tó ju márùn-ún lọ, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ jìn. Gbogbo ìgbà tó bá tún hù, oúnjẹ inú kóró ló ń ná. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó ti ń kó oúnjẹ padà nìyẹn. Kò fẹ́ràn ibòji rárá, nítorí náà ẹ gbin fúláwà kó súnmọ́ra. Ẹ má náwó sórí náílọ́nù dúdú nítorí rẹ̀. Ṣóńṣó orí rẹ̀ ń gún un lu.

Orí ebè tó ṣófo ni oògùn ti wúlò. Ẹ bomi rin ín kó hù, kí ewé pé mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ tó fọ́n glyphosate ní ìwọ̀n tó wà lára ike rẹ̀. Omi tó mọ́ gaara ni kí ẹ fi pò ó: amọ̀ inú omi rírú máa ń gba agbára lọ́wọ́ oògùn náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fọ́n ọn fún èyí tó bá ṣẹ́kù. Bí atẹ́gùn bá gbé e kan fúláwà, ewé tuntun á máa yọ tín-ín-rín bí okùn. Ní ti paraquat, oògùn apakoríko mìíràn, ewé lásán ló ń jó, kì í dé kóró. NAFDAC sì ti fòfin dè é láti ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn olóbe kún inú gbogbo náílọ́nù tí mo gbin fúláwà sí. Ṣé ìgbẹ́ màlúù tí mo pò mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ló fà á?

Ìdáhùn: Ìgbẹ́ tí kò jinná lè gbé èso koríko wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí mọ bó ṣe ń gbin ara rẹ̀. Ẹ yí ewé rẹ̀ padà, ẹ ó rí èso róbótó tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá gbó, wọ́n á bú, wọ́n á ta sínú náílọ́nù ẹ̀gbẹ́. Ẹ fà á tu kó tó so, ẹ má sì jù ú sílẹ̀ sáàárín náílọ́nù. Lẹ́yìn náà, ẹ da èèpo ẹ̀kùrọ́ lé iyẹ̀pẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó má kan ìdí fúláwà.