Ẹ BÉÈRÈ, Á DÁHÙN: Ampulifáyà mi ń gbọ̀n, bátìrì ẹ̀ sì ń tètè kú

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe differential ampulifáyà kan (èyí tó ń gbé ìyàtọ̀ àárín fóltéèjì méjì jáde) fún sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, bátìrì AA méjì ló ń gbé e. Torí kí iná má baà ṣòfò, op-amp (chip tó ń gbé sígínà ga) tó ń jẹ 20µA péré ni mo lò, bandwidth ẹ̀ (ibi tí agbára ẹ̀ ti ń tán) jẹ́ 300kHz, rẹsísítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 1MΩ, gain (ìlọ́po tó fi ń gbé sígínà ga) wá jẹ́ 1. Sẹ́ńsọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ bridge 5kΩ (àwọn rẹsísítọ̀ tí wọ́n so pọ̀ bí igun mẹ́rin). Àmọ́ output ò dúró jẹ́ẹ́, mo rí i lórí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi ìrísí sígínà hàn) pé ó ń gbọ̀n ní bíi 60kHz. Tí mo bá yọ wáyà mítà méjì tó gbé output lọ sí bọ́ọ̀dù kejì, á dín kù àmọ́ kò ní lọ tán. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo ṣírò pé bátìrì á lo ọdún méjì, oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ ló lò. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Inú mi dùn pé o kọ iye gbogbo nǹkan tó o lò, torí inú àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Níbi tí iná ò ti pọ̀ lo ti ń ṣọ́ ọ, ibi tó ti ń ṣàn lọ, o ò wò ó rárá.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú gbígbọ̀n yẹn. Níwájú op-amp, tiransístọ̀ méjì ló wà bí ìbejì, kọ́rẹ́ńtì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń pín, tí ọ̀kan bá gbà jù ti èkejì á dín, ìyàtọ̀ àárín wọn ni ampulifáyà ń lò. Tó bá jẹ́ tiransístọ̀ bipolar, agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń sọ fóltéèjì di kọ́rẹ́ńtì ni kọ́rẹ́ńtì inú ẹ̀ tá a bá fi 26mV pín in, torí náà bó o bá gé kọ́rẹ́ńtì yẹn sí ìdá mẹ́wàá, agbára ẹ̀ á wálẹ̀ sí ìdá mẹ́wàá, ìyára ẹ̀ náà á tẹ̀ lé e. Op-amp tí kì í jẹun púpọ̀ máa ń lọ́ra, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

1MΩ yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Wo ẹsẹ̀ inverting (ẹsẹ̀ tí feedback, ìyẹn output tó ń padà wá, ń gbà wọlé), rẹsísítọ̀ méjì ló pàdé níbẹ̀, lójú op-amp 500kΩ ni wọ́n. Ẹsẹ̀ yẹn ní pF (ìwọ̀n kapásítọ̀) díẹ̀ tiẹ̀, ojú bọ́ọ̀dù náà tún bù sí i, ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 10pF. Wàá ní kí ni 10pF fẹ́ ṣe? 500kΩ pẹ̀lú 10pF ti ń fa feedback sẹ́yìn láti bíi 32kHz, bẹ́ẹ̀ agbára op-amp rẹ ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. Ìròyìn tó yẹ kó sọ fún op-amp pé kó dúró ń pẹ́ kó tó dé, nígbà tó bá fi máa dé op-amp ti kọjá ibi tó yẹ, á yí padà, á tún kọjá, gbígbọ̀n tó ò ń rí nìyẹn. Sún ìka ẹ mọ́ ẹsẹ̀ yẹn láì fọwọ́ kàn án kó o máa wo oscilloscope, wàá rí i tí gbígbọ̀n yẹn máa yí. Àmọ́ ×10 ni kí probe ẹ wà o, ×1 lè gbé bíi 100pF lé e lórí.

Wáyà mítà méjì yẹn náà dá kún un, ó lè tó 200pF. Tí output bá ń lọ sókè sódò ní 1V, 60kHz, wáyà yẹn nìkan ń jẹ 12µA, ó ju ìdajì ohun tí op-amp fúnra ẹ̀ ń jẹ lọ!

Ohun tí màá ṣe rèé. Sọ rẹsísítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di 100kΩ, ìdádúró yẹn á sún lọ sí bíi 318kHz, lókè ibi tí agbára op-amp ti tán. Iná tíyẹn máa jẹ ò lè ju 15µA lọ lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Fi kapásítọ̀ 10pF sórí rẹsísítọ̀ feedback, kó o sì fi 10pF kan náà sórí rẹsísítọ̀ tó lọ sí reference (fóltéèjì ìpìlẹ̀) lápá kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ti apá kejì yìí, ìhà méjèèjì ò wá ní bára mu mọ́, ariwo tó yẹ kó pa ara ẹ̀ rẹ́ á wá jáde bíi sígínà. Fi 1kΩ sáàárín output àti wáyà, kí 100nF wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iná op-amp pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn náà fi square wave 50mV dán an wò: tó bá fò kọjá díẹ̀, bíi 10%, tó sì jókòó, ó ti dáa. Tó bá ṣì ń mì lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀marùn-ún, iṣẹ́ ò tíì tán.

Má ra rẹsísítọ̀ 1% (èyí tí iye ẹ̀ lè fi 1% yẹ̀) o. Tí wọ́n bá ṣìnà síra wọn pátá, CMRR ẹ (agbára tí ampulifáyà fi ń pa ohun tó bá wọ ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba rẹ́) lè wálẹ̀ sí 34dB, ìyẹn ni pé bí bátìrì bá ti 3.0V wá sí 2.6V, àárín bridge á sún 0.2V, wàá sì rí àṣìṣe 4mV tí kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ kankan. 0.1% á sọ ọ́ di 0.4mV.

Ó wá ku bátìrì. Bridge 5kΩ lórí 3V, 600µA ni, ìlọ́po 30 ohun tí op-amp ń jẹ! Ká ní AA ẹ gbé 2000mAh, wákàtí bíi 3,333 nìyẹn, ọjọ́ 139, oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ tó o rí gẹ́lẹ́. Ó dà bí ẹni tó ń dí ihò eku nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Má jẹ́ kí bridge gba iná títí, fi MOSFET kékeré (tiransístọ̀ tó ń ṣe bíi suwíìṣì) sí i, tan án fún 2ms láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kà á, kó o pa á. 600µA á di 1.2µA tá a bá pín in dọ́gba, ọdún méjì tó o ṣírò á kọjá dáadáa.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé mi ò kàn lè fi 1µF sí output kí ariwo lè lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má fi í kan ẹsẹ̀ op-amp tààrà, gbígbọ̀n ló máa fà. Lẹ́yìn 1kΩ ẹ lè fi í síbẹ̀, àmọ́ 1kΩ àti 1µF nílò bíi 7ms kó tó jókòó dé 0.1%, tẹ́ ẹ bá sì ń tan bridge fún 2ms bí mo ṣe sọ lókè, ẹ ti kà á kó tó pé. 10nF ni kẹ́ ẹ lò, 70µs tó fún un.