Ṣé kí ìlànà àtúnṣe Debian stable (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, irú rẹ̀ tí kì í yí padà púpọ̀) ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, gba ẹ̀dà tuntun láàyè?
Rárá o, àtúnṣe ààbò àti ti àṣìṣe ńlá nìkan ni kó gbà wọlé. Bí Debian náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á yọ àtúnṣe lára ẹ̀dà tuntun, wọ́n á fi sínú ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí OpenSSH, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, inú Debian 12 fi dúró sórí ẹ̀dà 9.2 láti 2023, tó jẹ́ pé ìrù nọ́ńbà ẹ̀dà náà nìkan ló ń yí: deb12u1, deb12u2. Ẹni tó bá wo 9.2 nìkan á rò pé wọ́n ti pa á tì.

Firefox ESR àti Chromium, tí a fi ń wo ìkànnì ayélujára, yàtọ̀, odindi ẹ̀dà tuntun ni tiwọn. Ubuntu, ètò mìíràn tí wọ́n kọ́ lórí Debian, máa ń dá àtúnṣe tí kì í ṣe ti ààbò dúró fún ọjọ́ 7 ó kéré tán kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè fi kọ̀ǹpútà kan dán an wò ná.