Mahé nìkan, àbí ká máa sùn káàkiri?

Ẹ kú ètò o, ará Àkúrẹ́. Ẹ béèrè bóyá kẹ́yin àti ìyàwó máa ti Mahé lọ sáwọn erékùṣù Seychelles yòókù láràárọ̀. Rárá o. Ọkọ̀ ojú omi tó bíi wákàtí kan kó tó dé erékùṣù Praslin, ẹ sì ní èébì máa ń gbé ìyàwó yín lójú omi. Ẹ kẹ́rù lọ Praslin, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀. Erékùṣù La Digue ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ látibẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ máa háyà kiri.

Ìyẹn tó bá jẹ́ oṣù kẹrin tàbí ìkọkànlá, tókun rọ̀. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, afẹ́fẹ́ máa ń ru omi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bààlúù kékeré.

Kẹ́ ẹ sùn sí Mahé lálẹ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀. Ibẹ̀ ni bààlúù tó ń gbé yín padà sílé ti ń gbéra, kò sì ní dúró dè yín.