Èsì: Ìdánrawò ojoojúmọ́ lórí fèrè trumpet

Ẹ béèrè ìdí tí ètè yín fi ń tètè rẹ̀, tí ìka yín kò sì yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ń fi wákàtí 3 fọn fèrè ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú 30 lójoojúmọ́ sàn ju ìyẹn lọ, nítorí pé iṣan ni ó wà nínú ètè, iṣan kì í sì í lágbára nípa àṣejù ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ kọ́kọ́ fa ohùn kan gùn, kí ó rọlẹ̀, kí ó má gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan. Ẹ fi ètè àti èémí nìkan gun doh, soh, doh, mi, soh lókè, kí ẹ sì padà sọ̀ kalẹ̀. Ibí yìí gan-an ni agbára fèrè idẹ wà, èmi kò sì tíì rí ohun tí ó lè rọ́pò rẹ̀. (Ẹ má tẹ fèrè mọ́ ètè jù, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè ṣàn.) Ní ti ìka, ẹ fọn ibi tí ó le jẹ́jẹ́ títí ẹ kò fi ní ṣì í mọ́, kí ẹ tó mú un yára díẹ̀. Bí ètè bá ti ń wúwo, ẹ sinmi.