Ṣé dróònù lè rí ibi tí ooru ń gbà wọlé àti ibi tí páìpù ti ń jò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀ńjìníà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ní ní Bódìjà. Ẹ́síì yàrá òkè kì í sinmi, síbẹ̀ yàrá náà kì í tutù. Omi tánkì wa náà ń lọ sílẹ̀ lóru láìsí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ. Ọmọkùnrin kan ní kámẹ́rà ooru tó wà lára dróònù òun máa fi méjèèjì hàn. Ṣé kí n sanwó fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó, mà. Kò parọ́ o, àmọ́ ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ dróònù.

Ìtànṣán ooru tí ojú wa kò rí ni kámẹ́rà yẹn ń gbà. Ara nǹkan nìkan ló ń kà, kì í ríran wọnú ilẹ̀ tàbí ògiri. Ní ìlú òtútù bíi Denmark àti Sweden, wọ́n máa ń ri páìpù omi gbígbóná mọ́lẹ̀ láti fi mú ilé móoru. Bó bá jò, ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ á gbóná, á sì hàn ketekete lóru. Tiwa kọ́ nìyẹn: ooru kì í sá jáde nílé wa, ńṣe ló ń wọlé, òrùlé ló sì sábà máa ń gbà.

Òrùlé ọ̀hún gan-an ló ń tan kámẹ́rà jẹ. Páànù alúmíníọ́mù tó ń dán dà bíi dígí fún un. Ojú ọ̀run tó tutù ló ń rí lára rẹ̀. Mo máa ń lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ páànù kí n tó ya fọ́tò: téèpù á pọ́n bí ẹyín iná, páànù tó yí i ká á dúdú bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á, bẹ́ẹ̀ ìkan náà ni ooru wọn. Páànù ayé ọjọ́un tó ti dípẹtà ní Bẹẹrẹ àti Ọjàaba ló máa ń sọ òótọ́ jù. (Àwọn onílé tuntun kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi.)

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ gun àga, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan sílíǹ, ẹ tún fi kan ògiri. Bí sílíǹ bá gbóná jù, òkè ni ooru ti ń bọ̀. Ohun tó ń dá ooru dúró ni kí káfíńtà tẹ́ sórí sílíǹ, kó sì ṣí ojú atẹ́gùn sábẹ́ òrùlé. Ẹ má ra ẹ́síì ńlá.

Ní ti omi, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ ń fura sí. Ẹ bu zobo díẹ̀ sínú àpótí omi ẹ̀yìn rẹ̀ lálẹ́. Bí àwo bá pọ́n láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á, ọwọ́ yín ti tẹ olè. Bí kò bá pọ́n, ẹ ti fáàfù ìdí tánkì pa mọ́jú. Bí omi bá ṣì lọ sílẹ̀, tánkì ló ń jò. Bó bá dúró, páìpù ni.

Ìgbà yẹn ni dróònù lè wúlò. Oòrùn á ti mú omi inú tánkì dúdú móoru, nítorí náà ibi tó ń jò lè móoru ju ilẹ̀ yòókù lọ, bí páìpù kò bá jìn. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ni kí ọmọkùnrin náà gbé e fò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn òjò, gbogbo ilẹ̀ á rí bákan náà. Kó má sì gòkè ju mítà 30 lọ. Kí ó tó gbé e sókè rárá, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ NCAA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú) àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ààbò hàn yín.