Ṣé àwọ̀ ni àbí ìwé? Èsì fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun

Àbúrò mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ti ka ohun tó o kọ. O ní o gba B.A.(Ed) nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní TASUED, yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Tai Solarin ní Ìjàgun, o ti wá iṣẹ́ sí ibi tó lé ní ogójì, láti Ṣáínà títí dé Thailand, àwọn méjì péré ló dáhùn. Ọ̀kan ní kó o fi fọ́tò ránṣẹ́. O fi ránṣẹ́, ló bá dákẹ́ bí ẹni tó bomi sẹ́nu. O wá ń béèrè pé ṣé àwọ̀ rẹ ni, àbí ìwé rẹ ni ò pé.

Nǹkan mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, tó ò bá sì tú wọn, ibi tí owó ò ti lè ṣe nǹkan kan lo máa náwó sí. Òfin físà wà tó jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù ló ń wò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wà tó jẹ́ pé ojú rẹ ló ń wò. Ìwé tìrẹ náà sì wà. Má ná kọ́bọ̀ sórí ti àkọ́kọ́. Ìkejì, ímeèlì kan ṣoṣo ni kó o fi dán an wò. Ẹ̀kẹta nìkan ló yẹ kí owó bọ́ sí.

Mú Gúúsù Kòríà. Físà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, E-2, ti àwọn orílẹ̀-èdè méje ni: Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, kódà kó o gba 9 nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó dúdú bí kóró iṣin lè gbà á. Òyìnbó tí pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè gbà á. Nítorí náà, ájẹ́ǹtì tó bá jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sọ pé òun á bá ọ gba E-2, má bá a jiyàn, sáà dìde. Àdéhùn àgbáyé lórí ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà, ti 1965, fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀ fún ìyàtọ̀ láàárín ọmọ onílẹ̀ àti àjèjì, abẹ́ àyè yẹn ni irú òfin báyìí ń sá sí. Lóòótọ́, olùkọ́ kan láti New Zealand gbé Kòríà lọ síwájú ìgbìmọ̀ àdéhùn náà nítorí àyẹ̀wò HIV tí wọ́n ń fi túláàsì mú àwọn olùkọ́ àjèjì ṣe. Ó jàre ní 2015, ìjọba sì fagi lé àyẹ̀wò náà ní 2017. Ṣùgbọ́n inú ilé ló ti jà. Ẹnu ọ̀nà lo ṣì wà.

Ti Ṣáínà fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ ó ní kọ̀rọ̀. Ìlànà wọn ni pé ẹni tó bá máa kọ́ni ní èdè, èdè abínibí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni kó jẹ́, kó ní digirí, kó sì ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún méjì. Digirí ẹ̀kọ́ olùkọ́ni bíi tìrẹ máa ń yọ ọdún méjì yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ti èdè abínibí ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, àwọn méje yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì sì máa ń kà sí i. Ẹni tó bá ka ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì láàárín yín ló rí ọ̀nà gbà: kó wá iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò nílé-ẹ̀kọ́ elédè méjì, pẹ̀lú digirí àti iṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn digirí. Kí ẹnikẹ́ni má fi físà àbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ gbé ọ lọ pé ẹ máa “yí i padà” tó o bá débẹ̀. Owó ìtanràn àjèjì tó ń ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 yuan dé 20,000, tó bá sì le, àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15 wà nínú rẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìkéde iṣẹ́ Ṣáínà tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, púpọ̀ nínú wọn ti kú láti oṣù keje 2021 tí ìjọba ibẹ̀ ti fọwọ́ líle mú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àfikún aládàáni.

Jápáànù ni mo fẹ́ kó o wò dáadáa, torí àwa ọmọ Nàìjíríà kì í sábà rántí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ àwọn ìlú yẹn ni ẹ̀rí pé ó fi ọdún 12 kẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. 6-3-3-4 wa: ọdún 12 ti pé kó o tó wọ Ìjàgun, mẹ́rin yunifásítì sì tún wà lórí rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n ń fẹ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kó wà lórí ìwé tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ lókè, kí orúkọ rẹ rí bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, kí oṣù àti ọdún tó o wọlé àti èyí tó o jáde wà níbẹ̀, kí gbólóhùn kan sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo iṣẹ́ àyàfi Yorùbá, kí orúkọ ọ̀gá, ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tó ń wọlé tẹ̀ lé e. Ohun tó ń bà á jẹ́ ò ju mẹ́ta lọ: oṣù tí o kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gun orí oṣù tí o wọ JSS, nọ́ńbà ò lọ nígbà tí wọ́n pè, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti kógbá sílé. Tó bá jẹ́ iléèwé ìjọba lo lọ, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ yín ní kíláàsì kìíní dé ìkẹta, má fagídí mú ọ̀gá pé kó kọ irọ́. Yọ mẹ́ta yẹn kúrò, fi mẹ́rin yunifásítì dí i, ọdún 13 ló kù. A kì í kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìṣirò.

Wàyí o, Vietnam àti Thailand. Òfin ibẹ̀ ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ Nàìjíríà, ibẹ̀ gan-an ni àwọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ èdè aládàáni, ọjà ni. Òbí ló ń sanwó, òbí fẹ́ rí òyìnbó lẹ́nu géètì, ọ̀gá sì mọ ohun tí oníbàárà rẹ̀ ń rà. Ìkéde á kọ “native speaker only”, tàbí pé ohùn Amẹ́ríkà nìkan, tàbí kó fi fọ́tò ṣe dandan láìbéèrè ẹ̀rí ìkọ́ni kankan. Ìkẹta yẹn ló burú jù. Ẹni tó ń wo ojú ṣáájú ìwé ti sọ ohun tó ń wá fún ọ.

Àwọn kan á ní kó o fi fọ́tò pamọ́, kó o sọ Adébùsọ́lá di Michelle. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Fi fọ́tò rẹ síwájú láti ọjọ́ kìíní: ṣẹ́ẹ̀tì tí kò lábàwọ́n, ògiri funfun, kì í ṣe èyí tó o yà ní Ojúde Ọba pẹ̀lú gèlè. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lónìí, dátà igba náírà ló lọ. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Hanoi, tíkẹ́ẹ̀tì, owó físà àti ojú àwọn ará ilé ló lọ. Orúkọ tí kò bá sì bá pásípọ́ọ̀tù mu, ìwé ìgbàṣẹ́ ò ní jáde.

Kó o tó fi CV ránṣẹ́ rárá, kọ ìlà mẹ́rin sí wọn, ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà láàárín ọdún méjì yìí? Ìdánwò wo lẹ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ àwọn ìlú Gẹ̀ẹ́sì, IELTS ni àbí TOEIC, máàkì mélòó? Ṣé owó oṣù kan náà ni ẹ ń san fún gbogbo wa? Ẹni tó bá dáhùn ti àkọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, ní kó so ọ́ pọ̀ mọ́ olùkọ́ Áfíríkà kan tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ti ìkẹta, má tijú bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Thailand ló ní owó oṣù méjì, ọ̀kan fún pásípọ́ọ̀tù òyìnbó, ọ̀kan fún àwọn ará Philippines àti àwa. Ṣọ́ àkókò náà: sáà ẹ̀kọ́ Thailand ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá, nítorí náà oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹwàá ni wọ́n ń gbani jù. Wo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ìlú tó jìnnà sí Bangkok. Òyìnbó kì í fẹ́ lọ síbẹ̀.

Íńtáfíù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Bangkok tàbí Hanoi, aago mẹ́ta òru ni ní Ìjẹ̀bú. Bẹ̀ wọ́n kó di aago mẹ́ta ọ̀sán tiwọn, kó bọ́ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa. Dojú kọ fèrèsé, má kẹ̀yìn sí i: ìmọ́lẹ̀ tó bá wà lẹ́yìn ẹni dúdú, òjìji lásán ni kámẹ́rà máa gbé jáde, ẹni tó ti ń wá ìdí láti kọ̀ ọ́ á sì ní òun ò rí ọ. Ka ojú ewé kan sórí fóònù, gbọ́ ọ padà, kó o ṣọ́ “h” tó ń yọjú níbi tí kò sí tó sì ń sá níbi tó wà, “th” tó di “t”, ship àti sheep. Tí wọ́n bá béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àkọ́kọ́ rẹ, sọ pé òun ni èdè ìjọba wa, òun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Má pe ara rẹ ní native, torí ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ìwé iṣẹ́ á tún béèrè.

Sàtífíkéètì TEFL (ti kíkọ́ àjèjì ní Gẹ̀ẹ́sì) oníwákàtí 120 tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, kì í sì í yí ọkàn ọ̀gá padà. CELTA, ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì ti Cambridge, ń yí i díẹ̀, nítorí wákàtí mẹ́fà wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi jókòó wo ọ bó o ṣe ń kọ́ni. Tó ò bá lówó CELTA, TP (ìdánrawò ìkọ́ni) tó o ṣe ní TASUED, kọ ọ́ sínú CV yékéyéké: ilé-ẹ̀kọ́ wo, ọ̀sẹ̀ mélòó, kíláàsì wo, ọmọ mélòó nínú kíláàsì. Kíláàsì ọmọ ọgọ́ta tó o dá mú, ohun ńlá ni.

Sàtífíkéètì rẹ, má ṣe lámínéètì sí i. Òǹtẹ̀ ò ní lè wọ ara rẹ̀. Statement of result, ìwé èsì onígbà díẹ̀, kì í ṣiṣẹ́, lọ gba ojúlówó. Tí orúkọ WAEC bá yàtọ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tù, lọ búra ní kóòtù Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù kó o tó gbé ìwé kankan lọ Abuja. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ló ń kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tẹ̀ lé e, ẹ́ńbásì ló kẹ́yìn. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní kó o ṣe apostille, òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣàdéhùn láti máa gbà lọ́wọ́ ara wọn, sọ fún wọn pé Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn yẹn. Òǹtẹ̀ apostille tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ayédèrú ni. Ìwé ọlọ́pàá, lórí POSSAP, ìkànnì iṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà, lo ti máa bẹ̀rẹ̀ kó o tó lọ tẹ̀ka ní Alágbọn, Ìkòyí, òun ni kó gbẹ̀yìn pátápátá. Ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gbà á mọ́ tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, owó méjì ló sì máa ń di fún ẹni tó bá kánjú ṣe é.

Nínú ogójì tó o kọ yẹn, pa àwọn ti Kòríà rẹ́. Fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ti Vietnam àti Thailand, kó o kọ ìdáhùn wọn síbí ká jọ wò ó.