Ṣé lóòótọ́ ni pé kakulétọ̀ ayé ọjọ́sí ń lo pírintà? Báwo ni wọ́n ṣe ń so ó?

Òótọ́ ni o, kakulétọ̀ HP-41C tó jáde ní 1979 ń lo pírintà, ó tún ń lo ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ń tọ́jú nǹkan pamọ́, ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni HP-IL, ìyẹn ọ̀nà ìsopọ̀ tí Hewlett-Packard gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n ti ní ọ̀nà ìsopọ̀ míì tó ń jẹ́ HP-IB tẹ́lẹ̀ àmọ́ wáyà 24 ló wà nínú okùn yẹn, ó ki, kò dáa fún nǹkan tó ń lo bátìrì. HP-IL ní tiẹ̀, wáyà méjì péré.

Wọ́n máa ń so ó yípo ni, okùn á kúrò lára kakulétọ̀ wọ pírintà, á kúrò níbẹ̀ bọ́ sára kásẹ́ẹ̀tì, á wá padà sára kakulétọ̀. Ọ̀rọ̀ tí kakulétọ̀ bá rán á yí gbogbo wọn ká títí á fi padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, òun náà á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bó ṣe rán an náà ló ṣe dé, ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ nìyẹn ṣá. Kakulétọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń pín nọ́ńbà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, tó fi dé 30, èèyàn ò ní máa yí súwíìṣì kiri.

Ìṣòro ẹ̀ ni pé tí okùn kan bá yọ báyìí, gbogbo ẹ̀ dákú nìyẹn, kò sì yára tó HP-IB. Àwọn kọ̀ǹpútà kékeré HP-75 àti HP-71B náà lò ó.